Èwo ni ká mú nínú ìtàn 27 oṣù Karùn-ún? Ìfiwéra fún tíṣà àti òbí ní Kwara

Bí oṣù Karùn-ún bá ti kọjá ìdajì, ìbéèrè kan náà ni àwọn tíṣà tí mo mọ̀ máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, kí la máa ní kí ọmọ yìí sọ lórí pápá?" Ọjọ́ 27 oṣù náà ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Nàìjíríà. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa yìí sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, dé Àjàsẹ́-Ìpo, dé Òmù-Àrán, ilé ìwé tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á fẹ́ kí ọmọ kan di gbohùngbohùn mú, kó sọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ nínú ìtàn ayé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìtàn tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ tẹ déètì náà sórí fóònù, á da ogun, afárá, ikú olórí ìjọba àti ìfipágbàjọba sílẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ á da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fúlísíkáàpù, á máa kà á lọ láìgbé ojú sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ á sì máa wo obìnrin tó gbé igbá wàrà kalẹ̀ lábẹ́ igi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mú ẹyọ kan, bó bá pọ̀ tán kó jẹ́ méjì tó lè dúró ti ara wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń dán ìtàn kọ̀ọ̀kan wò. Ṣé déètì ẹ̀ dúró gbọn-in, àbí téèyàn bá tú u wò, ọjọ́ mìíràn ló máa bọ́ sí? Ṣé nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí ọmọ lè fojú inú rí? Ṣé àgbà kan wà nílé ọmọ náà tó lè fi tiẹ̀ kún un? Èyí tó bá yege nínú méjì, mo gbà á. Èyí tó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣọ̀wọ́n, òun ni mo sì máa kọ́kọ́ sọ.

Sátidé kan náà lọ́dún 1967: Kwara àti Ọsirélíà

Sátidé ni 27 oṣù Karùn-ún 1967 bọ́ sí. Ní Èkó, Yakubu Gowon kéde pé kò sí ẹkùn mẹ́rin mọ́: Àríwá, Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Ìwọ̀-Oòrùn ti di ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n yọ Ìlọrin àti Kabba kúrò lára Àríwá, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ di ìpínlẹ̀ kan tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni West Central State, ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó di Kwara. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ má lọ sọ pé "wọ́n dá Kwara sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀", bàbá kan á dìde níbi ìjókòó àwọn àlejò, á sì tún un ṣe lójú gbogbo ayé. David Bamigboye, ọmọ Òmù-Àrán, ni gómìnà ológun àkọ́kọ́, kò sì tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà náà.

Ìkéde yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn ọdún o. Nàìjíríà ti fẹ́ fọ́. Gowon ń wá bí òun ṣe máa gba àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó wà ní Ìlà-Oòrùn kúrò lábẹ́ àṣẹ Ojukwu, ó sì tún fẹ́ pa ẹ̀rù Àríwá kan ṣoṣo tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 30 oṣù Karùn-ún, Ojukwu kéde Biafra. Nígbà tó fi máa di 6 oṣù Keje, ìbọn ti ń dún. Nílé tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ ká wà ti wà nílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn: láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn kan ní Ìlọrin àti Kabba ń jà pé kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn kan sì ní àwọn ò kúrò ní Àríwá. Ìgbìmọ̀ Willink tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké kò gbà kí wọ́n sún ààlà. Ìkéde 1967 kò fi wá sí Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi wá sílẹ̀ lábẹ́ Kàdúná.

Ní Sátidé yẹn gan-an, àwọn ará Ọsirélíà tò sórí ìlà ìdìbò. Wọ́n bi wọ́n bóyá kí àwọn yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn padà níbi méjì. Ibì kan sọ pé bí wọ́n bá ń ṣírò iye ènìyàn inú orílẹ̀-èdè náà, wọn ò gbọdọ̀ ka àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ibì kejì kò jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ lè ṣòfin fún wọn lọ́tọ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fi wọ́n sí. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, ó ju 90 lọ tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iye ẹ̀ gan-an ni 90.77. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì gbà á. Ẹni tó bá mọ Ọsirélíà á mọ̀ pé irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: nínú ìgbà 45 tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ aráàlú pé kí wọ́n yí ìwé òfin náà padà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni wọ́n ti gbà. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn nípa iye àwọn aṣòfin, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn náà kò kàn ń tẹ̀ka lásán.

Ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tiwa, ẹnì kan ló sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi àwa léèrè. Tiwọn, gbogbo ìlú ni wọ́n bi. Ẹni tó bá gbọ́ ibẹ̀ yẹn á yára sọ pé tiwọn ló dára jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Kò pẹ́ tí Ìlọrin fi di ibùjókòó ìjọba, tó ní gómìnà, tó ní àwọn òṣìṣẹ́ ọba tiẹ̀. Ní Ọsirélíà, lẹ́yìn gbogbo bẹ́ẹ̀ ni wọ̀nyẹn, ọdún 1976 ni òfin àpapọ̀ tó dá ilẹ̀ padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Àríwá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọmọ tó bá wà ní JSS2 lè ronú sí ìyẹn fúnra ẹ̀, kò dìgbà tí tíṣà bá là á yé e.

Irọ́ kan wà tí gbogbo ènìyàn máa ń pa nípa ti Ọsirélíà, pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1962 ni òfin ti jẹ́ kí wọ́n lè dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀, Queensland tó kẹ́yìn nínú àwọn ìpínlẹ̀ sì gbà fún wọn ní 1965. Òmíràn tún ni pé ṣáájú ọjọ́ náà, òfin kà wọ́n mọ́ ewéko àti ẹranko. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fojú rí burú tó láìjẹ́ pé a bù mọ́ ọn.

Ti ìbéèrè kẹta ńkọ́, ti àgbà ilé? Kwara ló borí níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ náà ṣì wà láàyè nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé. Ẹ rán ọmọ lọ bi í. Kó sì béèrè nípa ààlà, torí Kwara tó wà lọ́jọ́ náà kọ́ ló wà lónìí: ní 1976, apá Ìgalà lọ sí Benue, ní 1991, Kabba, Lọ́kọ́ja àti Òkènè bọ́ sínú Kogi, wọ́n sì gé lára Borgu fún Niger. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ará Kabba lè dìde, kó sọ pé Kwara ni wọ́n ti bí ìyá òun, Kogi sì ni ilé ìyá òun, bẹ́ẹ̀ ìyá òun ò kó kúrò níbì kankan. Mo ti rí i tí pápá dákẹ́ fún irú gbólóhùn yẹn.

Rọ́ṣíà lẹ́ẹ̀mejì: 1703 àti 1905

Èyí lẹ́wà, àmọ́ ó léwu. Ní 27 oṣù Karùn-ún 1703, Ọba Peter ilẹ̀ Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ odi kan sórí erékùṣù kékeré lẹ́nu odò Neva. Odi náà ló di ìlú St. Petersburg. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà sí òkun, kí Rọ́ṣíà náà lè ní ọkọ̀ ojú omi bíi ti àwọn ará Yúróòpù yòókù. Ní 27 oṣù Karùn-ún 1905, ní ọ̀nà omi Tsushima láàárín Jàpáànù àti Kòríà, ọ̀gágun Tōgō Heihachirō ilẹ̀ Jàpáànù pa ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà run. Nínú ọkọ̀ 38, mẹ́ta péré ló dé Vladivostok. Ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni Jàpáànù pàdánù.

Ẹ rí i bó ṣe wuni láti so wọ́n pọ̀: ọjọ́ tí ọba dá ìlú sílẹ̀ nítorí òkun ni òkun gbẹ̀san. Ẹ má so ó. Lójú àwọn ará Rọ́ṣíà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, ọjọ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ìyẹn fi ọjọ́ 11 rìn lẹ́yìn tiwa láyé Peter, ó sì ti di ọjọ́ 13 kó tó di 1905. Nínú ìwé tiwọn, 16 oṣù Karùn-ún ni ti Peter, 14 oṣù Karùn-ún sì ni ogun náà. Ọdún 1918 ni wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà tí a ń lò lónìí. Ní Ìlọrin, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pẹ́ kó tó lóye ìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé kàlẹ́ńdà méjì lè máa rìn nínú ilé kan, ọdọọdún la sì ń rí Iléyá tó ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú.

Bí ẹ bá máa mú ọ̀kan nínú méjèèjì, Tsushima ni kí ẹ mú. Ti Peter, àwọn òpìtàn kan ń jiyàn bóyá ọba gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ò sì ní nǹkan púpọ̀ láti rí ju ẹrẹ̀ àti igi lọ. Ti Tsushima gba iwájú ilé wa kọjá. Oṣù Kẹwàá 1904 ni àwọn ọkọ̀ náà kúrò ní òkun Baltic, èyí tó tóbi nínú wọn sì yí gbogbo Áfíríkà po. Wọ́n dúró ní Dakar, wọ́n dúró ní Gabon, wọ́n pẹ́ gan-an ní Madagascar, wọ́n ń ra èédú sínú ọkọ̀ débi pé wọ́n kó o sínú yàrá tí àwọn ọ̀gá ń sùn. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti máa kú sí. Ẹ gbé máàpù Áfíríkà kọ́, kí ọmọ fi ìka tọ ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó kọjá ní etíkun wa. Kí ó ṣáà fi "nínú kàlẹ́ńdà tí à ń lò lónìí" kún un.

Afárá àti ilé gíga: 1937 àti 1930

Méjèèjì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ní 27 oṣù Karùn-ún 1930, wọ́n ṣí ilé Chrysler ní New York, ilé oníwọ̀n mítà 319 tó ga jù láyé nígbà náà. Ọdún kan kò pé tí Empire State Building fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìtàn náà parí síbẹ̀, ẹ má fi àsìkò ṣòfò lórí ẹ̀.

Afárá Golden Gate ti San Francisco ni ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní oṣù Kìíní 1933, wọ́n sì ṣí i ní 27 oṣù Karùn-ún 1937. Àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣí i fún lọ́jọ́ yẹn, tí ọ̀pọ̀ èrò fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Ọjọ́ kejì ni mọ́tò tó gbà á, nígbà tí Ààrẹ Roosevelt tẹ bọ́tìnì kan láti Washington. Ọmọ tó bá sọ pé mọ́tò kọjá ní ọjọ́ 27 ti fi ọjọ́ kan ṣìnà. Àárín òpó méjì ẹ̀ jẹ́ mítà 1,280, pápá bọ́ọ̀lù bíi 12 téèyàn bá tò wọ́n nídìí ara wọn, láìsí òpó kankan nísàlẹ̀.

Ohun tí ọmọ máa rántí ni àwọ̀n. Wọ́n ta àwọ̀n ńlá sábẹ́ iṣẹ́ náà, kí ẹni tó bá já bọ́ má baà bá omi lọ. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ nígbà náà, ó sì náwó. Ènìyàn 19 ló já bọ́ sínú ẹ̀ tí wọ́n sì yè. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 1937, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, pákó ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé já, ó ya àwọ̀n náà, ó sì gbé ènìyàn mẹ́wàá lọ. Ènìyàn 11 ló kú lápapọ̀. Fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ jẹ́ bíríkìlà tàbí wẹ́dà, ìtàn yìí ò jìnnà sílé rárá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé San Francisco ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ kí ni wọ́n máa ń ta sábẹ́ àwọn níbi iṣẹ́. Nǹkan mìíràn tún wà fún àwọn tó dàgbà díẹ̀: Joseph Strauss, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ibẹ̀, ni orúkọ ẹ̀ wà lára afárá náà, ṣùgbọ́n Charles Ellis tó jókòó ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò ẹ̀, Strauss ti lé e kúrò kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀.

Bismarck, 1941

Àwọn ọmọkùnrin ò ní jẹ́ kí ẹ fi èyí sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó tóbi bẹ́ẹ̀ rì sínú òkun Atlantic ní òwúrọ̀ 27 oṣù Karùn-ún 1941. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló rì Hood, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn. Ènìyàn 1,418 ló wà nínú Hood, mẹ́ta ló yè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá lé Bismarck bí ẹni ń lé olè. Ohun tó mú un nígbẹ̀yìn ni bàálù Swordfish, èyí tí aṣọ bo ara ẹ̀ tí ìyẹ́ ẹ̀ sì jẹ́ méjì méjì, tó ti di ti àtijọ́ nígbà yẹn pàápàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26, ọ̀kan nínú wọn ju ohun ìjà lu ibi tí ọkọ̀ náà fi ń yí orí, ni Bismarck bá ń pòòyì kan lójú kan. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, King George V àti Rodney, dé bá a. Ó lé ní 2,000 ènìyàn tó wà nínú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n rí yọ kò ju bíi 115 lọ. Ṣé ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ló rì í, àbí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló dá ihò sí i? Wọ́n ṣì ń jà lé e lórí, àní lẹ́yìn tí wọ́n rí àfọ́kù ẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ní 1989.

Déètì ẹ̀ dúró, ojú sì rí nǹkan. Ohun tí mo ní lòdì sí i ni pé ìtàn ọjọ́ mẹ́rin ni, ọjọ́ 27 jẹ́ òpin ẹ̀ nìkan, ọmọ tó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní débẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún kíláàsì, kì í ṣe fún pápá.

Nehru, 1964

Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Íńdíà láti òmìnira 1947, kú ní New Delhi ní 27 oṣù Karùn-ún 1964. Ikú olórí kì í sábà dùn ún sọ fọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ẹ̀, 14 oṣù Kọkànlá, ni Íńdíà fi ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tiwọn. Ẹni tí wọ́n ń fi ọjọ́ tí wọ́n bí i yẹ́ ọmọdé sí ní Íńdíà, ọjọ́ tí àwa ń yẹ ọmọdé sí ló kú. Gbólóhùn kan náà ti tó fún ọmọ Praímárì Kejì. Kó sọ ọ́, kó tẹríba, kó lọ jókòó.

Àwọn tí mi ò ní gbé fún ọmọdé

Ní 1942, àwọn jagunjagun méjì, Jozef Gabčík àti Jan Kubiš, kọlu Heydrich, ọ̀gá àwọn Násì (àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler ilẹ̀ Jámánì) ní Prague. Ó kú ní 4 oṣù Kẹfà, àwọn Násì sì pa abúlé Lidice rẹ́ láti gbẹ̀san. Ní 1980, àwọn ológun Kòríà Gúúsù wọ Gwangju, wọ́n sì fi ìbọn parí ìdìde àwọn aráàlú tó ti ń lọ láti 18 oṣù Karùn-ún. Ọ̀rọ̀ ńlá ni méjèèjì. Àwọn SS3 tó ń ka ìjọba lè jókòó tì í ní kíláàsì. Kì í ṣe ohun tí à ń sọ láàárín máàṣì àti pínpín bisikíìtì.

Ta ló máa gbọ́ ọ?

Fún jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn praímárì kékeré, Nehru. Fún praímárì ńlá, afárá àti àwọ̀n ẹ̀. Fún JSS, Kwara àti Ọsirélíà, mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. SS tó bá ní tíṣà tó lè dúró gbọ́ ìbéèrè, kó mú Tsushima pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tàbí ètò rédíò ló ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀, Kwara nìkan ti tó, kí ẹ sì mú máàpù 1967 dání, torí ìbéèrè ààlà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

Bí ẹ bá sì mú Kwara àti Ọsirélíà, ẹ má fi sí ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan jẹ́ Èkó, kí ẹnì kejì jẹ́ Canberra, olú ìlú Ọsirélíà, kí wọ́n kọ 1967 gàdàgbà sórí káàdìbọ́ọ̀dù láàárín wọn. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí Canberra kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí aago ọ̀dọ̀ wọn fi wákàtí 9 ṣáájú tiwa, wọ́n ti máa ń ṣe ọ̀sán lọ́hùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìlọrin.